Ìwé tí A Máa Ń Sá sórí Àpáta ní Ìkẹ́rẹ́

Ojú mi ló ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún yín pé wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi ni, tàbí pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Rárá o. Ojú mi méjèèjì yìí, tí kò tíì lo awò rí, ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Mi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì karùn-ún ni mo dé tí bàbá mi fi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbogbo Ìkẹ́rẹ́ kiri, kí ẹ fi Ìsẹ̀ àti Emùré kún un, ẹ kò ní rí ọ̀mọ̀wé kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìwé tó tèmi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìkàwé Ẹgbẹ́ Àjọkà fi wà lọ́rùn mi. Ọrùn ni mo wí, kì í ṣe àpò. Okùn ni mo fi so ó kọ́.

Ulé Ùkàwé ni gbogbo ìlú ń pè é. Tí ẹ bá gba ẹ̀yìn ọjà, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ bá àpáta, ẹ ó rí ibi tó wà. Ògiri rẹ̀ nìkan ló kù báyìí, ewúrẹ́ ló sì ń sùn síbẹ̀. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lóde, wọ́n kun fèrèsé rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá wọlé, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín: òórùn ìwé àtijọ́, ti igi ìrókò tí mo fi kan pẹpẹ, àti ti kánfọ̀ tí a máa ń jù sáàárín ìwé nítorí aáyán. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn kánfọ̀ lára aṣọ ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, n ó yíjú wá pẹpẹ mi.

Kì í ṣe ìjọba ló kọ́ ọ. Kì í ṣe ìjọ kankan. Àwọn bàbá wa ló kọ́ ọ fúnra wọn: tíṣà, télọ̀, alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀ oníkòkó, àwọn tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n sì padà wálé. Wọ́n ní kò yẹ kí ìwé máa wà níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ bẹ ẹnìkan kó tó kà á. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, olúkúlùkù ń dá owó lóṣooṣù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dẹ̀ á gbé uṣu wá, a ó sì jẹ uṣu náà nípàdé. Ará Ìsẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ wá. Ará Emùré ń wá. Ọkùnrin kan wà tó ń ti Àgbàdo-Èkìtì wá, tó jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ló máa ń yá látọdún dé ọdún, ìwé nípa ìràwọ̀. Tó bá dá a padà láàárọ̀, yóò tún yá a lọ́sàn-án.

Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ kò mọ A yàtọ̀ sí B. Bàbá mi wà lára wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń dá owó wọn, wọ́n sì ń yá ìwé lọ sílé kí ọmọ wọn kà á fún wọn. Nítorí irú wọn ni a ṣe ní pátákó kékeré fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí a gbẹ́ àmì sí lára. Ti télọ̀ jẹ́ àlùmọ́gàjí. Ti oníkòkó jẹ́ èso kòkó. Ti bàbá mi jẹ́ àdá. Tí o bá mú ìwé lórí pẹpẹ, ìwọ yóò so pátákó rẹ kọ́ ìṣó tó wà níbẹ̀. Kò sí pé à ń kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Tí mo bá wọlé, tí mo wo ìṣó, mo ti mọ ilé tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Èmi ni mo gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pátákó náà. Ẹ lọ béèrè, kò sí káfíńtà tó lè gbẹ́ àlùmọ́gàjí tó kéré tó èékánná bẹ́ẹ̀ kó sì dà bíi pé yóò gé nǹkan.

Ẹ̀rín ń bẹ níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá Alágbẹ̀dẹ yá ìwé kan nípa adìyẹ sísìn, ó gbé e sórí àjà lókè ààrò ìyàwó rẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó mú un wá, ìwé ti dúdú, ó ń rùn bí ẹja yíyan. Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?”

“Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ wò ó, ṣé kòkòrò kan wà nínú rẹ̀?”

A ṣí i. Kò sí ẹyọ kan. Ìwé ẹja yíyan yẹn ni kòkòrò kò fẹnu kàn láéláé, ológbò nìkan ló ń bá a jà.

Lọ́jọ́ Sátidé, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, a ó gbé bẹ́ǹṣì síta, ẹnìkan yóò sì máa kà sókè fún gbogbo èèyàn. Bàbá Tíṣà ló máa ń kà jù. Ajíbádé ni orúkọ rẹ̀, ọ̀gá iléèwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga, síbẹ̀ ẹni tó ń ta epo lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀nà lọ́hùn-ún yóò gbọ́ ọ. Tó bá ka ìròyìn inú ìwé ìròyìn àtijọ́, àwọn àgbà á máa bá ẹni tó ti kú jiyàn bíi pé ó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ní fóònù lónìí, mo mọ̀. Ẹ̀ ń ka nǹkan látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù yín ń kà á sí ikùn ara rẹ̀ ni. Tiwa, tí ọ̀rọ̀ kan bá dùn, ogójì èèyàn ni yóò kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá Tíṣà ló gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bínú. Wọ́n ní báwo ni ẹni tó sá kúrò ní kíláàsì karùn-ún ṣe lè máa tọ́jú ìwé. Mi ò sá o, bàbá mi ló yọ mí. Bàbá Tíṣà dìde, ó ní, “Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá gbé ìwé. Bí ẹni gbé ìkókó ni.” Ọ̀rọ̀ tán. Láàárín ọdún kan, mo ti mọ gbogbo ìwé inú ilé náà. Ẹ di ojú mi, ẹ gbé èyíkéyìí lé mi lọ́wọ́, n ó sọ ibi tó ń jókòó fún yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, àti ìwúwo rẹ̀, àti òórùn rẹ̀. Bíbélì ńlá aláwọ, ìwé orin oní dò-rè-mí tí àwọn akọrin àtijọ́ fi ọwọ́ dà kọ, ìwé agbẹ̀bí, ìwé nípa ìràwọ̀, ìwé ìròyìn tí a di pọ̀ lọ́dọọdún, àwòrán àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àpótí lẹ́tà tí àwọn ọmọ ìlú kọ ránṣẹ́ láti Èkó, láti Jọ́ọ̀sì, láti ìdálẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, a lè ní ó wà níbòmíràn. Èyí tí kò sí níbòmíràn ni ìwé àlámọ̀ méjìlá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ yín kò gbọ́ àlámọ̀ rí àfi lórí rédíò. Orin àwọn ìyá wa ni. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n bá ti ń ṣòkú, ibi tí wọ́n bá ti ń bú ọkọ tí kò gbọ́ràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a. Kò sí ìyá tó ń dá ti ìyá kejì. Bàbá Tíṣà, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, gun kẹ̀kẹ́ káàkiri Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré, dé Òde-Èkìtì àti Ìlúmọba pàápàá, ó ń jókòó ti àwọn arúgbó lẹ́sẹ̀ ààrò, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń dá sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn gan-an. Kò yí i sí Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ìyá bá ní ulé, ulé ló kọ. Tí ó bá ní uṣu, uṣu ló kọ. Ìwé méjìlá ló kún, ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé, aláwọ̀ búlúù, yíǹkì dúdú, ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ìyá tó bí i lọ́mọ wà nínú ìkeje. Òun nìkan ló gba ìdajì ìwé yẹn. Ìyá náà kú kí Bàbá Tíṣà tó ṣe ìgbéyàwó, kò sì sí àwòrán rẹ̀ níbì kankan, kò sí ẹ̀rọ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Tíṣà máa ń sọ pé tóun bá fẹ́ rí ìyá òun, ìkeje lòun ń ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń kà á sókè, lọ́jọ́ Ìsáwèé. Mo wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tó kà á. Mi ò pa ẹyọ kan jẹ.

Ọjọ́ Ìsáwèé! Tó bá jẹ́ pé mo lè rí ọjọ́ kan padà nínú ayé mi, kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó mi, kí ìyàwó mi má bínú.

Tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, tí ètè èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya, a ó kó gbogbo ìwé jáde lọ sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé, a ó sá wọn sóòrùn. Ẹ mọ̀ pé orí àpáta yẹn ni àwọn ìyá máa ń sá láfún sí. Fún ọjọ́ kan yẹn, wọ́n á kó láfún wọn kúrò, wọ́n á gbá àpáta, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, torí láfún tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ń pe kòkòrò. Ìyá Dékọ́nì ni olórí wọn. Ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ́ kó tó kú, òun náà sì wọlé dípò rẹ̀. Ẹnu ìyá yẹn mú. Tó bá rí ẹni tó gbé ìwé sílẹ̀ gbàgà, yóò ní, “Ìwọ, ṣé uṣu lo rò pé o gbé ni?”

A kì í jáde kí ìrì tó gbẹ. Ìwé kọ̀ọ̀kan ni a ó ṣí láàárín, a ó fi dúró bí òrùlé ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, òkúta kékeré méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Tó bá dé bí aago mọ́kànlá, gbogbo àpáta ti di ìlú kékeré, òrùlé lọ súà. Atẹ́gùn ọyẹ́ á wá fẹ́ wọ inú ewé wọn, wọ́n á máa dún fìrì-fìrì-fìrì. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó jọ ọ́. Ẹni tó bá ń yí ìwé padà tó rí ohun tó dùn nínú rẹ̀ á kígbe kà á, ẹni tó wà lókè lọ́hùn-ún á dáhùn. Iyán ń dún nísàlẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ ń hó. Lẹ́yìn oúnjẹ ni Bàbá Tíṣà á gbé ìkeje, gbogbo ènìyàn á sì dákẹ́, àwọn ìyá á máa gbè é. Mo rí Ìyá Dékọ́nì tó sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i bẹ́ẹ̀.

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ìwé gbígbóná kì í wọlé. Tí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, a ó kó wọn sábẹ́ igi ọdán, wọ́n á wà níbẹ̀ títí ara wọn á fi tutù. Bàbá Tíṣà á gbé ìwé kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìyá tó ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ. Tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó dá a padà sílẹ̀. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní òfin yìí. Mo máa ń gbá wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá kánjú.

Mi ò mọ ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù gan-an. Àwọn bàbá kú. Bàbá mi kú, mo yọ pátákó àdá rẹ̀ kúrò, mo gbé e sílé. Àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó, wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà lókè òkun. Tí wọ́n bá wálé fún Kérésìmesì, wọ́n á bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń ṣí ibẹ̀?” wọ́n á ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó wọ ẹgbẹ́. Nígbà tó yá, ó ku èmi, Bàbá Tíṣà àti Ìyá Dékọ́nì. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣì ń gbé bẹ́ǹṣì kan síta. Mo máa ń jókòó sórí rẹ̀ kí ó má bàa dà bíi pé kò sẹ́nìkankan.

Páànù ti ń jò lápá kan. Mo ń dí i, ó ń jò níbòmíràn.

Àsìkò yẹn ni Fọlákẹ́ wá. Ọmọ Bàbá Tíṣà ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì ní Ìbàdàn. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bàbá rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n kó ìwé àlámọ̀ Bàbá lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. A ní ẹ̀rọ tó ń ya ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá yà á tán, ohunkóhun tó wù kó ṣe ìwé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò lè sọnù mọ́. Èmi fúnra mi ni n ó dá a padà.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Fọlákẹ́, ta ló ń tọ́jú wọn látọjọ́ yìí?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ikán ti jẹ ẹyọ kan rí?”

“Rárá, sà.”

“Òjò ti pa ẹyọ kan rí?”

“Kò tíì pa á. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè, Bọ̀ọ̀dá. Mo ń rí sánmà láti ibi tí mo jókòó sí.”

“Káfíńtà ni mí! Ìwọ lo fẹ́ fi òrùlé hàn mí?”

Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. “Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Bàbá Tíṣà kò wo ojú mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, kò ríran kàwé mọ́. Ó ní, “Èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún Káfíńtà. Mi ò gbà á padà. Ṣùgbọ́n rò ó wò, Káfíńtà.”

Mo ní mo ti rò ó. Mo ní ìwé kan kò ní kúrò nílùú yìí nígbà ayé mi. Mo tún sọ pé àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ fi ọgbọ́n jí ogún wa kó ni. Mo sọ ọ́ sókè kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́. Irọ́ ni mo pa. Ohun tó wà nínú mi ni pé tí ọ̀rọ̀ inú àlámọ̀ bá ti wà ní Ìbàdàn, ta ni yóò tún wá bá mi gba kọ́kọ́rọ́? Mo kọ ọ́ síbí nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Fọlákẹ́ dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. “Ó dáa, sà. Ẹ kú ìtọ́jú.” Ó padà sí Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo pinnu pé n ó fi hàn án pé èmi ni ọ̀gá. Ṣé ẹ mọ àwọn àpò tuntun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀wà, tó ní ọ̀rá nípọn méjì nínú, tí afẹ́fẹ́ kan kò lè wọ̀? Ẹ̀wà tèmi ti wà nínú rẹ̀ fún ọdún méjì láìní kòkòrò kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe ìwé: n ó sá wọn sóòrùn, n ó dì wọ́n sínú àpò ẹ̀wà, n ó kó wọn sí yàrá ilé tèmi tí òrùlé rẹ̀ kò jò, títí n ó fi tún ti ẹgbẹ́ kàn.

Ọjọ́ tí mo mú, ọjọ́ Sátidé ni, nínú ọyẹ́. Ó ku ọjọ́ kan kí a ṣe ìdúpẹ́ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni wọ́n fi ṣe alága, wọ́n sì ní kí n wá ní aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé yẹn fún ìgbáradì. Mo ti rán aṣọ. Èmi nìkan ni mo kó gbogbo ìwé jáde, láti àárọ̀. Ìyá Dékọ́nì ló gbá àpáta fún mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Oòrùn ọjọ́ yẹn mú. Àpáta gbóná débi pé mo ń fò lẹ́sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ kan. Nígbà tí mo wo aago, ó ti lé ní méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé láti orí àpáta tààrà sínú àpò.

Ìyá Dékọ́nì fọwọ́ kan ìwé kan. “Káfíńtà, ó ṣì gbóná o.”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“O mọ̀, o sì ń dì í?”

“Ìyá, bó bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò á ṣe kú sínú rẹ̀ tó. Ẹ̀wà mi ńkọ́? Ẹ̀wà mi ọdún méjì!”

“Ẹ̀wà ni a ń sọ? Gbé e sábẹ́ ọdán kó tutù. Ṣé ọba ló ń dúró dè ọ́ ni?”

“Alága ni mí, Ìyá. Alága kì í pẹ́ dé.”

Ó ní, “Ó dáa, alága,” ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo fa okùn àpò mọ́kànlá pinpin. Mo fi ìdí wọn lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yàrá mi. Lọ́la rẹ̀, mo jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò ṣí wọn. Mo ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ṣíṣí ni ìparun wọn. Ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn. Nígbà tí uṣu tuntun ń jáde ni àìsàn dá Bàbá Tíṣà dùbúlẹ̀, tí Fọlákẹ́ sì sáré wálé. Ó wá bá mi láàárọ̀, ojú rẹ̀ wú. Ó ní bàbá òun ń béèrè ìkeje. Ó fẹ́ kí wọ́n ka ìyá rẹ̀ fún un.

Mo ní, “Ìyẹn nìkan?” Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi mú un wọ yàrá. Mo tú okùn àpò kìíní.

Òórùn tó jáde, bíi ti ìkòkò ògì tí wọ́n gbàgbé. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ mi tutù. Ooru tí ìwé gbé wọlé ti làágùn sínú ọ̀rá, omi rẹ̀ kò rí ibi jáde. Irun funfun ti hù sára wọn bí òwú. Ìwé mẹ́ta mẹ́rin ti lẹ̀ mọ́ra wọn di odindi. Mo tú àpò kejì, mo tú ẹ̀kẹta, mo ń sọ pé, “Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.” Ìwé àlámọ̀ wà nínú àpò kẹsàn-án. Yíǹkì ti ṣàn. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé ìkeje, ó fi èékánná rọra wá ibi tí ewé ti pàdé. Ewé náà bá a wá bí ìgbà tí èèyàn ń bó ewé lára mọ́ínmọ́ín, ó sì fàya. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ mọ́, àfi àwọ̀ búlúù àti dúdú tó dà pọ̀.

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà,” ó ní, “ẹ wá lọ sọ fún un fúnra yín.”

Mo lọ. Wọ́n ti gbé Bàbá Tíṣà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ. Ó gbọ́ ìrìn mi.

“Káfíńtà, o mú un wá?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ fún un. Mi ò fi ohunkóhun pamọ́, àní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ àti aago mẹ́ta.

Ó wá ní, “O kò jẹ́ kó tutù.” Kò bínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá a fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ rí tíńrín:

“Mo pọnmi gun àpáta, mi ò ṣubú,
Ilẹ̀ pẹrẹsẹ lulé ọkọ ni mo ti fẹsẹ̀ kọ…”

Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbẹ̀. “Kí ló kàn?” ó ní. “Káfíńtà, ìwọ náà máa ń gbọ́ ọ. Gbogbo ọdún lo wà níbẹ̀. Kí ló kàn?”

Mo ṣí ẹnu. Orin rẹ̀ wà lórí mi, bó ṣe ń lọ sókè tó ń padà sísàlẹ̀, mo lè kùn ún lẹ́nu títí dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò wá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí èèyàn ṣe pọ̀ tó ni mo máa ń wò, bí wọ́n ṣe ń wo pẹpẹ tí mo kàn. Mi ò fetí sí ọ̀rọ̀ ìyá náà.

“Mi ò rántí, sà,” mo wí.

“Ó dáa,” ó ní. Ó na ọwọ́, ó wá orí mi kàn, ó fọwọ́ lé e díẹ̀. “Dìde.”

Ọ̀sẹ̀ kejì ló kú. Ìyá Dékọ́nì náà tẹ̀ lé e kí ọdún tó parí. Fọlákẹ́ kó ohun tó kù lọ sí Ìbàdàn, mo bá a gbé e sínú ọkọ̀, mi ò jiyàn. Kó tó wọ ọkọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo mọ ìyá kan tó ṣì ń dá àlámọ̀ ní Emùré tàbí ní Ìsẹ̀. Mo ti wá kiri láti ìgbà náà. Mo ti rí méjì. Èyí tó dàgbà jù kò rántí ju ẹsẹ orin kan lọ.

Èmi àti Fọlákẹ́ ka ohun tó bàjẹ́ kó tó lọ, mo sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ìwé títẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ìwé orin àfọwọ́kọ, mẹ́sàn-án. Àwòrán, méjìdínlógójì. Lẹ́tà, àpótí kan. Nínú ìwé àlámọ̀ méjìlá, mẹ́wàá.